Ẹ fẹ́ fi oko màálù yín dá èèyàn lẹ́kọ̀ọ́? Ẹ mú ohun kan ṣoṣo, kí ẹ kọ́ wọn dé ojú rẹ̀

Ìbéèrè: "Èmi àti ọkọ mi ní oko màálù kékeré lẹ́yìn ìlú Ìṣẹ́yìn. Abo 11 là ń fún, Bùnájì, màálù funfun àwọn Fúlàní, ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn díẹ̀ sì jẹ́ àdàlù Bùnájì àti Friesian, màálù òyìnbó tó ń fún mílíìkì púpọ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ la máa ń fún wọn, ìyá ọkọ mi ló ń fi mílíìkì tí a kò bá tà ṣe wàrà. Àwọn obìnrin kan láti gáà (abúlé àwọn Fúlàní) tó wà nítòsí ní kí a gba àwọn lálejò lọ́jọ́ kan, kí a fi bí a ṣe ń ṣe é han àwọn, torí mílíìkì tiwa kì í tètè kan. Ilé-ìwé girama kan náà fẹ́ kó ọmọ wá. Ọkọ mi ní kí a pè wọ́n pọ̀, kí a kọ́ wọn ní gbogbo ohun tí a mọ̀. Ẹ̀rù àrùn ń bà mí, ẹ̀rù ìtìjú náà sì ń bà mí. Èèyàn mélòó ni kí a gbà? Kí ni kí a kọ́ wọn? Ṣé kí a gbowó?"

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi kí bàbá, kí ẹ sì bá mi bẹ̀ wọ́n pé "gbogbo ohun tí a mọ̀" yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ ná. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn onímàálù ṣiṣẹ́ ní Òkè-Ògùn, mo sì ti jókòó níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ oúnjẹ màálù láàárọ̀, tí wọ́n sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́sàn-án, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ báńkì kádìí ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn èèyàn jẹ ìrẹsì, wọ́n gba fìlà, wọ́n lọ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bí wọ́n ṣe ń fún màálù tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n fún un. Wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún wọn, ṣùgbọ́n ó pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó mọ èyí tí òun máa kọ́kọ́ mú ṣe.

Àwọn obìnrin yẹn ti fúnra wọn la ọ̀nà fún yín. Wọn ò ní kí ẹ kọ́ àwọn ní sísìn màálù. Inú gáà ni wọ́n dàgbà sí, wọ́n mọ màálù jù mí lọ. Ohun tí wọ́n ṣàkíyèsí ni pé mílíìkì yín ń pẹ́ kó tó kan, tiwọn kì í pẹ́. Ìyẹn náà ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ibo ni ìdọ̀tí ti ń wọ mílíìkì láàárín ọmú màálù àti ìkòkò orí iná? Bí bàbá bá fẹ́ sọ̀rọ̀ koríko àti omi mímu, kí wọ́n fi í di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo yìí fi tó jẹun fún ọjọ́ kan. Mílíìkì tó ti inú ọmú tó lára dá jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní kòkòrò àìfojúrí kankan nínú. Ìwọ̀n ìgbóná ara màálù ló bá jáde, bíi 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìgbóná yẹn sì tẹ́ àwọn kòkòrò náà lọ́rùn. Bí kòkòrò kan bá ń di méjì ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, láàárín wákàtí mẹ́jọ ó ti di 65,536. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ amómitutù á gbé mílíìkì rẹ̀ wálẹ̀ sí ìwọ̀n 4 láàárín wákàtí méjì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Láti ọdún 2010 tí ilé-iṣẹ́ mílíìkì FrieslandCampina WAMCO ti bẹ̀rẹ̀ ètò mílíìkì wọn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn gáà kan ti ń rí ibùdó tó ní táǹkì amómitutù gbé mílíìkì lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò sí nítòsí irú ibùdó bẹ́ẹ̀, nǹkan méjì péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: kí kòkòrò tó wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ kéré, kí mílíìkì sì tètè dórí iná. Méjèèjì ṣeé fi ọwọ́ ṣe, méjèèjì ló sì ṣeé fojú rí nínú oko yín.

Iye èèyàn wá ńkọ́? Mo rò pé 16 ni kí ẹ fi mọ, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi kún un. Kí obìnrin mẹ́jọ wá, kí olúkúlùkù wọn sì mú ẹni tó ń fún màálù nílé rẹ̀ dání. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà nìyí. Ní ọ̀pọ̀ gáà, obìnrin ló ni títà mílíìkì àti owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkọ tàbí ọmọkùnrin ni fífún rẹ̀ wà. Bí ẹ bá kọ́ obìnrin nìkan, ẹ ti kọ́ ẹni tí kì í fọwọ́ kan ọmú màálù, á délé, á máa bẹ ẹni tí kò débẹ̀ pé kó fọwọ́. Bí ẹ bá sì kọ́ ọkùnrin nìkan, ẹni tí kíkan mílíìkì ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ pe àwọn méjèèjì pọ̀, kí wọ́n jọ gbọ́ ọ.

Ìdí kejì tí mi ò fi fẹ́ èrò rẹpẹtẹ ni màálù fúnra rẹ̀. Abo màálù kì í tú mílíìkì sílẹ̀ kìkì nítorí pé ẹnì kan di ọmú rẹ̀ mú. Bí ọmọ rẹ̀ bá kan ọmú, tàbí bí ọwọ́ tó mọ̀ bá pa á lára, ọpọlọ rẹ̀ á tú èròjà kan tó ń jẹ́ oxytocin sínú ẹ̀jẹ̀. Èròjà yìí ló ń fún àwọn àpò tíntìntín inú ọmú pọ̀ kí mílíìkì lè sọ̀ kalẹ̀. Agbára rẹ̀ kì í pẹ́ rárá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí ariwo bá pọ̀, tí ojú àjèjì yí màálù ká, ìpayà á dínà mọ́ èròjà náà, ẹ ó máa fún, nǹkan kan ò ní wá. Bùnájì tilẹ̀ tún le nínú ọ̀rọ̀ yìí: bí ọmọ rẹ̀ kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lè fà á sẹ́yìn pátápátá. Mo ti débi tí wọ́n kó èrò yí màálù kan ká láti fi mílíìkì fífún hàn wọ́n, tí ohun tí wọ́n rí kò kún igò kékeré. Ìtìjú tí ẹ̀ ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, èèyàn mẹ́rin mẹ́rin ni kó máa wọ ibi tí ẹ ti ń fún màálù. Ẹ yan abo mẹ́rin tó tutù jù nínú wọn. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ ti máa mú èèyàn méjì tí wọn ò mọ̀ wá dúró tì wọ́n nígbà tí ẹ bá ń fún wọn, kó lè mọ́ wọn lára. Lọ́jọ́ náà, kí ọmọ màálù kọ́kọ́ mu díẹ̀, kí ẹ wá so ó síwájú ìyá rẹ̀, níbi tí ìyá ti lè máa lá a. Ẹni tó ń fún un lójoojúmọ́ ni kó bẹ̀rẹ̀. Kí àlejò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká màálù níbi tí ojú rẹ̀ ti tó wọn, kí ẹnikẹ́ni má dúró sẹ́yìn rẹ̀. Kí akọ màálù ti wà níbòmíràn láti òru, bẹ́ẹ̀ náà ni abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kò sí bó ṣe lè níwà pẹ̀lẹ́ tó, tí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ rẹ̀, ó lè kan èèyàn.

Ẹ má yí àkókò fífún padà nítorí àlejò. Láàárọ̀, àwọn obìnrin náà ní màálù tiwọn nílé àti mílíìkì tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé lọ sọ́jà. Ẹ ní kí wọ́n dé ní aago mẹ́wàá, kí ẹ sì fi fífún ìrọ̀lẹ́ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ní aago mẹ́ta ààbọ̀, kí wọ́n lè kúrò lọ́dọ̀ yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ Jímọ̀ kò dáa, ọjọ́ ọjà kò dáa, inú ààwẹ̀ Ramadan kò ṣeé dán wò. Ní ti oṣù, ìgbà òjò ni mílíìkì pọ̀, mo sì fẹ́ràn ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, torí koríko wà, ọ̀nà oko yín á sì ṣeé rìn.

Ẹ jẹ́ kí n wá tú ọjọ́ náà fún yín. Láàárọ̀ kùtù, kí àlejò tó dé, ẹ mú igò méjì tó bára mu. Lára màálù kan náà, ẹ fún mílíìkì tó máa kún igò àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí kò sí ìtọ́jú: ọwọ́ láìfọ̀, ọmú tó ṣì léruku, kí ẹ gba inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n kàn fi omi ṣàn kọjá. Ti igò kejì, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ fún nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ọmú kó sì gbẹ, ẹ fún ìṣàn àkọ́kọ́ sórí aṣọ dúdú láti wò ó bóyá ègé kéékèèké wà nínú rẹ̀, torí àmì àrùn ọmú nìyẹn. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi aṣọ funfun tí ẹ ti sè sẹ́ ẹ sínú igò tí ẹ ti sè. Ẹ gbé igò méjèèjì síbi kan náà lábẹ́ ibòji.

Ní aago mẹ́wàá, ẹ gbé méjèèjì fún wọn láìsọ èwo ni èwo. Kí wọ́n wò ó, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Ẹ da ṣíbí kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ ṣíbí náà sórí iná kékeré títí yóò fi hó. Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì ṣì ṣàn dáadáa. Ẹ dá wọn padà sábẹ́ ibòji, kí ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan. Ní aago méjì ọ̀sán, ẹ tún ṣíbí náà ṣe. Èyí tó dọ̀tí á dì lójú wọn nínú ṣíbí, á ya sí ègé àti omi, èkejì á kàn hó, kó tún rọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa nílò ọ̀rọ̀ gígùn lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti dán an wò nílé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí bí ojú ọjọ́ bá tutù, ó lè gbà ju wákàtí mẹ́jọ lọ kó tó dì. Bí oòrùn bá mú gan-an, kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà ìkọ́ni yìí kì í ṣe tèmi. Ní Indonesia, ní ọdún 1989, FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ inú oko fún àwọn àgbẹ̀ onírẹsì: àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló ń wọ inú ìrẹsì, tí wọ́n ń ka kòkòrò, tí wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó pinnu bóyá kí wọ́n fín oògùn. Àwọn onímàálù ní Kenya náà ti fi kọ́ ara wọn. Ẹni tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ṣíbí dì kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀.

Láàárín àkókò tí igò wà lábẹ́ ibòji, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì òróró kan tó ti gba mílíìkì fún oṣù mélòó kan wá. Ẹ fi ọ̀bẹ là á sí méjì níwájú wọn. Lọ́rùn rẹ̀ nínú, níbi tí igi ìdìmú ti so mọ́ ọn, ẹ ó rí nǹkan kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó ń yọ̀ bí ilá, tí kàn-ìnkàn-ìn kankan kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí olúkúlùkù fi ìka kàn án. Kí ẹ wá gbé garawa ẹlẹ́nu gbòòrò tó ní ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí apá lè wọ̀ dé ìdí. Igbá náà dára, bí wọ́n bá ń da omi híhó sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú igbá ìyá wọn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tó ká mi lára nìyí: ẹ má ṣe fi mílíìkì tí obìnrin kankan gbé wá ṣe àpẹẹrẹ búburú láwùjọ. Mílíìkì yín ni kí ẹ bà jẹ́. Obìnrin tí wọ́n bá dójú tì lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti lójú ọkọ rẹ̀ kò ní padà wá, ohun tí ẹ bá sì kọ́ ọ kò ní dé gáà.

Ní bí aago mọ́kànlá, ẹ fa ọjọ́ lé ìyá lọ́wọ́. Kí wọ́n da ìkòkò méjì kalẹ̀: mílíìkì àárọ̀ tó mọ́ nínú ọ̀kan, mílíìkì ìrọ̀lẹ́ àná tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ nínú èkejì. Iná tí kò le ni. Ewé àti igi bọmubọmu tí wọ́n ti gún, tí wọ́n rẹ sínú mílíìkì díẹ̀, kí wọ́n sẹ́ oje rẹ̀ sínú ìkòkò mílíìkì tó mọ́ nígbà tó bá ti gbóná dé ibi tí ọwọ́ ti lè faradà á. Bó bá ti ń hó kí oje tó dé ibẹ̀, ìgbóná á pa èròjà inú bọmubọmu tó ń mú mílíìkì dì. Ẹ̀yìn náà ni kí wọ́n tó koná mọ́ ọn, kó hó, kí wàrà ya kúrò lára omi rẹ̀, kó lé sókè. Ìkòkò kejì ò ní dúró de bọmubọmu rárá. Á fọ́ wẹ́wẹ́ bó bá ti ń gbóná, ohun tí wọ́n bá sì kó nínú rẹ̀ á máa rún lọ́wọ́, kò ní di odidi wàrà tó ṣeé gé. Ẹ wọn mílíìkì kó tó wọ ìkòkò, kí ẹ sì wọn wàrà tó bá jáde; bí lítà márùn-ún sí kílò kan ló máa ń jẹ́. Àwọn obìnrin náà á ti ṣírò iye tí ìkòkò kejì jẹ wọ́n kí ẹ tó la ẹnu. Kí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n á kó wàrà sí ti rí omi híhó, kí ẹni tó bá sì fọwọ́ kan bọmubọmu fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa kó tó nu ojú, torí oje rẹ̀ ń ba ojú jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ìyá sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, ẹ má kọ nǹkan kan lé wọn lọ́wọ́. Ọmọ tó ń bá yín fún màálù náà, bí kò bá tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ, òun ni kó fi ọwọ́ hàn wọ́n, kí ẹ̀yin dúró tì í kí ẹ máa sọ ọ́. Kí ẹ sì bẹ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà tó gbọ́ Yorùbá àti Fúlàní dáadáa pé kó máa ṣe ògbufọ̀, kí ẹ fún un lówó iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti àrùn, ó tọ́ kí ẹ̀rù bà yín, torí gbogbo àlejò yín ló ń ti àárín màálù bọ̀. Àrùn ẹnu àti pátákò máa ń bá bàtà, aṣọ àti táyà ọ̀kadà rìn. Kí ọ̀kadà dúró létí títì. Ẹ ra sílípáàsì tó máa wà lóko yín, kí olúkúlùkù pààrọ̀ sí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó rọrùn ju omi oògùn lọ. Bí ẹ bá fẹ́ lo omi oògùn pẹ̀lú, ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìgbẹ́ kúrò lára bàtà, torí oògùn kì í ṣiṣẹ́ nínú ìgbẹ́. Sódà ìfọṣọ (sodium carbonate), gíráàmù 40 sínú lítà omi kan, ń pa kòkòrò àrùn náà. Ẹ sì bi wọ́n ṣáájú: bí màálù kan nílé wọn bá ti ń da itọ́ tàbí tó ń tiro láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n dákun dúró de ọjọ́ mìíràn. Kí dókítà ẹranko ìjọba ìbílẹ̀ yín ti yẹ àwọn abo tí ẹ máa lò wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ àti fún brucellosis, àrùn tó ń mú màálù ṣẹ́nú. Àwọn méjèèjì ń bá mílíìkì tútù dé ara èèyàn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má tọ́ mílíìkì tí kò tíì hó wò lóko yín, ì báà jẹ́ èyí tó mọ́ jù. Màálù tó bá wà lórí abẹ́rẹ́, mílíìkì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Owó ńkọ́? Ẹ gba díẹ̀. Ẹ ṣírò mílíìkì tí ẹ ò ní rí tà, igi ìdáná, oúnjẹ, sílípáàsì, kí ẹ pín in, kí ẹ sì gbà kí ẹni tí kò ní owó fi koríko tàbí iṣẹ́ ọwọ́ dípò rẹ̀.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé, ọjọ́ tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ kọ̀ fún bàbá lórí èyí. Ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀, ewu wọn sì yàtọ̀. Ní ọdún 2009, ní agbègbè Surrey nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn 93 kó kòkòrò E. coli O157 níbi oko kan tí wọ́n ti máa ń mú ọmọdé lọ wo ẹran, ọmọdé sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó ba kíndìnrín àwọn kan jẹ́. Ara ẹran tó ń gbé kòkòrò náà kiri máa ń dá ṣáṣá, ẹ ò lè fojú mọ̀ ọ́n. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni kí ẹ ṣètò fún wọn, garawa oníẹ̀rọ méjì ó kéré jù. Ọṣẹ olómi tí wọ́n ń fi pa ọwọ́ láìsí omi kò lè dípò rẹ̀. Kí wọ́n fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, kí ibi ìjẹun jìnnà sí màálù. Kíláàsì kan péré, pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Igò méjì àti ṣíbí yẹn ni kí ẹ fi kọ́ wọn. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí á fò fún ayọ̀.

Nígbà tí àwọn obìnrin bá ń lọ sílé, ẹ má fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Aṣọ funfun kan tó mọ́ àti garawa kékeré tó ní ìdérí ni kí ẹ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ti ka owó wọn mọ́ èyí tí wọ́n san. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀yin àti ìyá, ẹ rìn dé gáà láti kí wọn. Ẹ má béèrè ohun tí wọ́n rántí. Ẹ ní kí wọ́n fi aṣọ náà hàn yín, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ń sá a sí, kí ẹ sì béèrè aago tí mílíìkì wọn ń kan báyìí. Ilé tí aṣọ náà bá ti di ìnulẹ̀, ẹ jókòó tì wọ́n kí wọ́n sọ ohun tó ṣòro fún wọn: ó lè jẹ́ omi ni kò sí, ó lè jẹ́ ẹni tó ń fún màálù ló ti yí padà. Òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún máa pè wọ́n.